Bẹ́ńṣì Tí Mo Ṣèlérí fún Ilé Olúwa

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta

Ẹnu mi ti kó mi sí i lónìí.

Pásítọ̀ wàásù nípa ìríjú. Ó ní kò sí ohun tó jẹ́ tiwa ní tòótọ́, pé àkókò wa, ẹ̀bùn ọwọ́ wa àti owó àpò wa, Ọlọ́run ló fi wọ́n sí wa níkàáwọ́. Ó ní ilé ìjọsìn tuntun ti ní òrùlé, fèrèsé ti wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí èèyàn lè fìdí lé nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyàsímímọ́ ti di ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó ń bọ̀. Ó wá ní kí ẹni tí Ẹ̀mí bá ń bá sọ̀rọ̀ dìde. Mi ò mọ̀ bóyá Ẹ̀mí ni àbí ooru, mo ṣáà rí i pé mo ti wà lórí ìdúró. Mo ní, "Gbogbo bẹ́ńṣì tí ìjọ yóò jókòó lé, èmi ni màá kàn án. Ogójì. Mi ò ní gba owó iṣẹ́."

Ìyá wọn, ìyàwó mi, fa ẹ̀yìn ṣòkòtò mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Kí n tó jókòó ni Alágbà Onípákó, tó ni ibi ìlagi lẹ́bàá odò, náà ti dìde. Ó ní bí káfíńtà bá fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, òun fi igi sílẹ̀. Ariwo sọ. Orí mi wú. Láti ìgbà tí mo ti wà nínú ìjọ yìí, mi ò sí lára àwọn tí wọ́n máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ ọrẹ bá délẹ̀. Lónìí, àwọn tó ní mọ́tò wá bọ̀ mí lọ́wọ́ níta.

Nígbà tí à ń lọ sílé, Ìyá wọn ní, "Bàbá wọn, ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fún yín o."

Mo ní mo mọ̀ ọ́n kà.

"Ìlẹ̀kùn ilé tí à ń kọ́ wá ńkọ́? Ilé ti ní òrùlé, kò ní ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo."

Mo ní ìlẹ̀kùn ti ń dúró tipẹ́, kó ṣì dúró díẹ̀. Kò dá mi lóhùn mọ́ títí a fi délé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Pákó dé, ẹrù ọkọ̀ méjì. Alágbà Onípákó fúnra rẹ̀ jókòó níwájú ọkọ̀ àkọ́kọ́, ó wọ aṣọ funfun bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà lé wọn lórí. Ó ní, "Káfíńtà, èyí tó dára jù ni mo mú wá o. Má fi ṣeré." Mo tẹríba, mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Olúwa yóò fi kún un." Ó lọ.

Lẹ́yìn tó lọ ni mo gbé pákó kan. Ó wúwo bí ọmọ tó ti sùn lọ. Mo gbé e sún mọ́ imú, oje rẹ̀ ṣì ń rùn. Mo ti ayùn bọ̀ ọ́, èérún rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin bí ìyẹ̀fun tí omi ti wọ̀. Pákó tútù ni gbogbo rẹ̀, látòkè délẹ̀.

Mo mọ ohun tí pákó tútù máa ń ṣe fún èèyàn. O ó kàn án pọ̀ lónìí, yóò gún régé. Tó bá ń gbẹ bọ̀, yóò súnkì, oríkèé rẹ̀ yóò là, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò máa mì, ojú rẹ̀ yóò lọ́. Ó nílò oṣù mélòó kan lábẹ́ òjìji àti atẹ́gùn. Ọ̀sẹ̀ mélòó ló sì kù fún mi?

Ó dá mi lójú pé ohun tí Alágbà kò rí tà ló kó fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo alágbà ìjọ lójú kí ó ní ọrẹ rẹ̀ kò dára? Kì í ṣe èmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀ lọ́wọ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Láti àárọ̀ ni mo ti ń to pákó sábẹ́ ìbòrí, tí mò ń fi igi tín-ín-rín sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè rí ọ̀nà gbà. Ìyá wọn tibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ó dúró tì mí nínú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, oorun ti pọ́n ojú rẹ̀.

"Ẹ lọ sọ fún un pé ó tutù."

"Kò ṣeé sọ."

"Ẹnu yín tó sọ ogójì bẹ́ńṣì láì bi ẹnikẹ́ni, òun náà ni kò lè sọ pé igi tutù?"

Ó wọlé lọ sùn. Mo padà sí ìdí pákó tí mò ń tò, inú sì ń bí mi títí di ìsinsìnyí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò. Àná òjò, òní òjò. Ta ló ń gbẹ pákó nínú irú ojú ọjọ́ yìí?

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ìyá Akọrin yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ pẹ̀lú àpò kékeré lápá. Òun ló ń ṣíwájú àwọn akọrin wa kí ohùn rẹ̀ tó há lẹ́yìn àìsàn. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn náà ń ha bí ayùn tí kò mú.

"Pásítọ̀ ní ká mú ẹ̀bùn wa wá. Tèmi ti bá àìsàn lọ. Owó, owó ìfẹ̀yìntì mi kò tó oògùn. Àkókò ló kù, òun sì pọ̀ lọ́wọ́ mi bí eruku. Kí ni kí n ṣe, káfíńtà?"

Mo fún un ní sáńpépà. Mo gbé bẹ́ńṣì àkọ́kọ́ tí mo kàn ní Ọjọ́rú síwájú rẹ̀, nítorí mi ò lè fọwọ́ lẹ́rán kí n máa wo ọjọ́ tó ń lọ, mo ti mú nínú pákó Alágbà, mo ti kàn án bẹ́ẹ̀. Kò tíì ha á débì kan tí sáńpépà fi dí, tó ń yọ̀.

Ó ní, "Igi yìí ń làágùn ju èmi lọ."

Mo ní, "Ẹ máa ha á lọ, màmá." Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó lé e. Bẹ́ńṣì ké, ó yẹ̀ sápá òsì, màmá sì bá a yẹ̀. Mo fò gbá a mú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé èmi ni. Ká ní àlejò Pásítọ̀ ni ńkọ́? Wọ́n á ní a gbé pàkúté sínú ilé Olúwa."

Èmi ò rẹ́rìn-ín rárá. Mo fi ìka wá oríkèé rẹ̀, ìka mi wọlé. Bẹ́ńṣì ọjọ́ mẹ́ta péré.

Màmá gbọn èérún kúrò láṣọ. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo máa sọ fún Alágbà ni, àbí èmi?" Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó fún mi láyè. Ó ní, "Àyè wo? Ìwọ tó ò lè jókòó lójú kan kí tíì tutù."

Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Gọ́ọ̀mù ti gbówó lórí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó ń tà á ní kí n dúpẹ́ pé mo rí i rà. Ìṣó náà ti di ohun tí wọ́n ń wọ̀n bí wúrà.

Oníléèwé tó ní kí n kan tábìlì fún òun ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Ó ní òun ti wá nígbà mẹ́ta, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bá lọ́wọ́ mi. Ó tọ̀nà. Mi ò sọ fún Ìyá wọn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Pásítọ̀ pè mí síwájú, ó ní kí ìjọ na ọwọ́ sí mi kí wọ́n gbàdúrà fún agbára. Lẹ́yìn àdúrà, ó gbé ẹ̀rọ ohùn sí mi lẹ́nu: "Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà, ẹ sọ fún wa, níbo ni iṣẹ́ dé?"

Mo ní, "Ó ń lọ dáadáa, sà."

Alágbà Onípákó ń mi orí níwájú bí ẹni tó ń gbọ́ orin tó mọ̀. Mo wò ó, mo sì kórìíra rẹ̀ díẹ̀. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ níbí nítorí kò sí ibòmíì tí mo lè sọ ọ́ sí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mi ò lè sinmi. Mo jókòó, mo dìde, mo gbá ṣọ́ọ̀bù, mo tún un gbá. Pákó Alágbà ṣì tutù lọ́wọ́ bí ìkòkò omi.

Pákó gbígbẹ wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ tapólì. Pákó ìlẹ̀kùn ilé wa. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Èmi ni mo yàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, owó iṣẹ́ alẹ́ Ìyá wọn la fi rà wọ́n. Bí o bá fi ìka kan wọ́n, wọ́n á dún. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ojú igi náà tò gbọọrọ, kò sí kókó.

Mo sọ fún ara mi pé ti Ọlọ́run ni gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá ti parí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ á máa wọlé, màá ra òmíràn kí Ìyá wọn tó mọ̀. Ó ń sùn nílé lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́. Mo ká tapólì kúrò.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ẹ gbà mí, kí ni adùn iṣẹ́ lórí pákó tó gbẹ! Ayùn wọ ọ́ bí ẹni wọ ilé ara rẹ̀. Oríkèé ṣe wẹ́kú, mo fi òlù kàn án pẹ́ẹ́, ó dákẹ́. Bẹ́ńṣì mẹ́rin ti dúró, mo gun orí ọ̀kan, mo fò lórí rẹ̀, kò mira. Mo kọrin.

Ìyá Akọrin fi ọwọ́ pa á. "Èyí ò làágùn. Níbo lo ti rí i?"

"Mo ní in nílẹ̀ ni."

"Ìwọ nìkan?"

Mo ti ayùn bọ igi bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin

Ìyá wọn ti rí i.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ̀rín tẹ̀rín láti ibi iṣẹ́, kò tilẹ̀ lọ sílé lọ bọ́ aṣọ. Bíríkìlà ti pè é pé àwọn ojú ìlẹ̀kùn ti gbẹ, pé a lè máa gbé ìlẹ̀kùn bọ̀. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jẹ́ kí n wo pákó wa, kí inú mi dùn díẹ̀ kí n tó sùn." Mo ní kó kọ́kọ́ jókòó. Ó ti gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo gbọ́ nígbà tó gbé tapólì sókè. Mo gbọ́ nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ó padà wá, ó dúró láàárín àwọn bẹ́ńṣì. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ó fi ọwọ́ lé ojú ọ̀kan, ó fi ìka tọ ìlà pupa inú igi náà láti orí dé ìdí. Mo ń retí pé yóò pariwo. Ó mú àpò rẹ̀, ó lọ sílé.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Oúnjẹ wà lórí tábìlì, ó gbóná. Kò sí ẹnì kankan nídìí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ó sọ̀rọ̀ lónìí. Mo wà nínú ilé ìdáná, mò ń fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, nítorí mi ò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe.

Ó ní, "Ẹ jókòó." Mo jókòó.

"Bí ẹ bá bi mí, ṣé ẹ mọ ohun tí màá sọ?"

Mo ní ó dá mi lójú pé kò ní gbà.

"Ṣé ẹ rí i? Ó dá yín lójú. Èmi tó ni ín, kò dá mi lójú. Ó ṣeé ṣe kí n bínú, kí n gbàdúrà sí i, kí n wá ní ẹ máa mú un lọ. Ó ṣeé ṣe kí n ní rárá. Àwọn alẹ́ tí mo fi gbé aláìsàn yí padà, tí mo fi nu ẹ̀jẹ̀ àti èébì, òun ni pákó yẹn. Ká ní mo fi fún Ọlọ́run ni, ohun ńlá ni ìbá jẹ́ láyé mi. Ní báyìí, kí ni mo fún un? Kò sí. Ẹ̀yin lẹ fún un. Ẹ gba ọrẹ lọ́wọ́ mi, Bàbá wọn."

Mo ní mo fẹ́ rọ́pò rẹ̀.

"Pákó tí Alágbà fún yín ńkọ́?"

"Ó tutù."

"Ó mọ̀?"

Mo tún ń nu ife ọwọ́ mi.

"Ẹ ò tíì sọ fún un títí di òní." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́. "Ẹ bọ̀wọ̀ fún Alágbà, ẹ ò lè bá a sọ̀rọ̀. Èmi ni ẹ lè má bi léèrè."

Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí etí mi gbóná. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ojú ṣe ń ti àgbàlagbà, kó wá bi mí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Mo lọ sí ibi ìlagi. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀, mo ní láti pariwo ohun tí mo ti ń gbé mì láti oṣù tó kọjá.

"Alágbà, sà, pákó yẹn tutù!"

Ó ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ tó wà nínú ọgbà kan náà. Kò sí nǹkan níbẹ̀ ju kùkùté ńlá kan lọ, ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju tábìlì mi lọ, àti àga kan tó wà nínú oòrùn.

Ó ní, "Bàbá mi ló gbìn ín. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti máa ń jókòó lọ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ tí mo ṣèlérí ni mo gé e. Ó tutù, bẹ́ẹ̀ ni. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, kí ni kí ó ṣe? Pákó gbígbẹ wà lọ́gbà mi, àwọn oníbàárà ti ṣa èyí tó dáa níbẹ̀ tán. Ṣé àjẹkù ni kí n kó fún Ọlọ́run?"

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ìyàsímímọ́, sà."

"Ṣé èmi ni mo mú ọjọ́? Ìwọ ni káfíńtà. Mo rò pé o máa sọ fún Pásítọ̀ pé igi ń fẹ́ àkókò. Ọjọ́ tí mo gbé e dé, o ní 'Ẹ ṣeun, sà', mo lọ sílé mi." Ó wá tẹjú mọ́ mi. "Kí lo rò? O rò pé mo da ìdọ̀tí sí ọ lọ́rùn?"

Mi ò lè purọ́. Mo ní, "Ohun tí mo rò gan-an nìyẹn, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú."

Ó bínú. Ó bínú gan-an, ó sì fi hàn. Lẹ́yìn náà ló ní òun ní ìbòrí kan lẹ́bàá odò tí atẹ́gùn ń gbà kọjá lójoojúmọ́, kí n kó pákó náà padà wá síbẹ̀, yóò gbẹ kí ọdún tó parí. Kò bọ̀ mí lọ́wọ́ nígbà tí mò ń lọ. Lójú ọ̀nà, mo ronú lórí pé oṣù kan gbáko ni mo fi pe igi bàbá rẹ̀ ní ohun tí kò rí tà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ti ń sún ìrìn yìí síwájú láti ọjọ́ Ajé. Lónìí, mo dé ọ́fíìsì Pásítọ̀. Mo ní kò ní sí bẹ́ńṣì lọ́jọ́ ìyàsímímọ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà, ẹ̀yin lẹ ní ó ń lọ dáadáa. Mo ti pe àlejò."

"Irọ́ ni mo pa, sà. Igi náà kò tíì gbẹ."

"Mo rí bẹ́ńṣì mẹ́sàn-án ní ṣọ́ọ̀bù yín."

"Tìyàwó mi ni, sà. Mi ò bi í kí n tó mú un."

Mo rò pé yóò ṣí Bíbélì. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin náà ni ẹ máa sọ ọ́ fún ìjọ, lọ́la. Kì í ṣe èmi."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo sọ ọ́. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì àkọ́kọ́ yẹn. Mo ní igi Alágbà ni ó dára jù lọ tí mo tíì rí, pé èmi ni mo kánjú. Àwọn kan kùn. Ọ̀kan nínú àwọn onímọ́tò bi mí pé, kí la wá máa jókòó lé? Ìyá Akọrin dìde, ó fi ohùn híhá rẹ̀ ní, "Ẹ ò ní àga nílé ni? Kí oníkálùkù gbé àga rẹ̀ dání." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ohun tí a sì fẹnu kò sí nìyẹn.

Ìyá wọn wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò gbọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo bi í.

Mo ní, "Ìyá wọn, àwọn bẹ́ńṣì mẹ́sàn-án yẹn, tìrẹ ni wọ́n. Kò ṣeé ṣe kí n dá wọn padà sí ìlẹ̀kùn, mo ti gé wọn. Kí ni o fẹ́ kí n ṣe sí wọn?"

"Ṣé ẹ ń bi mí ni?"

"Mò ń bi ọ́."

Ó ní òun máa ronú. Ó lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó ṣì ń ronú. Ara mi ò lélẹ̀. Mo ti pọ́n gbogbo irin iṣẹ́ mi, títí kan èyí tí mi ò lò rí. Lẹ́ẹ̀mejì ni ọ̀rọ̀ dé ètè mi láti dámọ̀ràn, mo gbé e mì.

Ẹtì, ogúnjọ́

Ó mú obìnrin kan tó ń ṣí ilé oúnjẹ tuntun wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n yẹ bẹ́ńṣì wò, wọ́n ná an, Ìyá wọn sì ná an dáadáa ju bí èmi ìbá ti ná an lọ. Wọ́n kó mẹ́jọ lọ. Ṣáájú ìrọ̀lẹ́, pákó gbígbẹ fún ìlẹ̀kùn mẹ́ta tí ó fi owó náà rà ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kí n má fi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni sáájú rẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́.

Ọ̀kan ló kù. Mo fi ojú bi í léèrè. Ó ní, "Ẹ má wò mí. Mo ṣì ń ronú lórí ìyẹn."

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Ó jí mi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó ti wẹ̀, ó ti múra. Ó ní, "Ẹ dìde, ká lọ gbé e."

Mi ò bi í pé kí ni. Ó di iwájú bẹ́ńṣì mú, èmi di ẹ̀yìn. Àwọn èèyàn ti kún ojú ọ̀nà, àga lórí, àga lápá, àga lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Onígbàjámọ̀ ń ti àga rẹ̀ onírin, ó ń ké pé kí wọ́n yà fún òun. Ìyá Akọrin gbé àpótí tí kò ga ju orúnkún lọ. Mo fẹ́ yára kí àwọn àlejò má bàa ṣáájú wa dé, bẹ́ńṣì sì ń ti Ìyá wọn lẹ́yìn. Ó dúró láàárín ọ̀nà, kò bojú wẹ̀yìn.

"Bàbá wọn. Èmi ni mo wà níwájú."

Mo fà sẹ́yìn. A rìn bó ṣe ń rìn.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò gbé e síwájú pátápátá. Ó yan ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní níbẹ̀ ni àwọn tó bá ń tibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ yóò ti lè jókòó láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí Pásítọ̀ dé orí ìdúpẹ́, ó dárúkọ Alágbà fún igi tó ń gbẹ lẹ́bàá odò, ó ní kí a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ káfíńtà wa fún bẹ́ńṣì kan yìí.

Ìyá wọn dìde. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ ní gbangba.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà. Èmi ni mo mú un wá. Ọwọ́ rẹ̀ ló kàn án, ṣùgbọ́n èmi ni mo mú un wá."

Pásítọ̀ wo ojú mi. Mo dìde, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Tirẹ̀ ni. Mo bá a gbé e ni."

Pásítọ̀ dárúkọ rẹ̀, òun nìkan, ó gbàdúrà fún un. Ìyá wọn di ojú, omi ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tí àdúrà parí, ó jókòó, ó sún díẹ̀ sápá fèrèsé, mo sì jókòó sí ibi tó ṣẹ́ kù. Kò tíì dárí jì mí tán, mo mọ̀ ọ́n lára èjìká rẹ̀. Ó ní kí n má gbàgbé pé ìlẹ̀kùn yàrá ni kí n kọ́kọ́ ṣe. Mo ní mo ti gbọ́.